Invidere, Àti Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyá Ìbùkún

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó gba ọdún mẹ́fà kó tó yé mi, mi ò lè fi ìkánjú rò ó fún yín.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ti òkè òkun dé, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n máa ń rò: ilé gíga, ọkọ̀ tó ń sáré lábẹ́ ilẹ̀, yìnyín tó ń já bọ́ bí òwú. Èmi náà rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́ níbẹ̀, mi ò rí i rárá. Mowe ló wà, èmi sì wà ní Ítálì, etí ni mo fi ń wò ó.

Ìbùkún, ọmọ mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí mo lọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àbúrò mi, Rẹ̀mílẹ́kún, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ibafo ni Rẹ̀mí ti lọ́kọ. Ó lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀ láì bímọ, nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ sì sọ̀rọ̀ dé ibi tí ẹnu ò yẹ kó dé, ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó wá bá mi nínú yàrá méjì tí mo rẹ́ǹtì ní Lotto, àdúgbò kan ní Mowe. Mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Mo ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Nígbà tí ọ̀nà òkè òkun wá là fún mi, òun náà ò bi mí léèrè ìgbà tí màá dé. Ó na ọwọ́ méjèèjì, mo gbé ọmọ lé e.

Ìyá Ìbùkún ni gbogbo Lotto ń pè mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: lọ́jọ́ tí obìnrin bá ti bímọ nílẹ̀ wa, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ di ti inú ìwé. Ọmọ ni wọ́n á máa fi pè é títí ilẹ̀ á fi gbà á. Mi ò mọ̀ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbàgbé sílé bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo rò pé mo gbé e dání lọ ni.

Ìlú kékeré kan ní apá òkè Ítálì ni mo bá ara mi, níbi tí òtútù ti máa ń bá èèyàn dé inú eyín. Iṣẹ́ tí mo rí ni pé kí n máa tọ́jú ìyá arúgbó kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí irun funfun, orúnkún mi sì kanlẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí àgbà. Ìyá figbe ta. Ó rò pé òòyì ló gbé mi ṣubú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Paola, sáré gbé omi wá, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ mi. Mi ò gbọ́ èdè wọn débi tí màá ṣàlàyé pé ìkíni ni. Mo kàn mu omi náà.

Sinyóra, ìyẹn màdámù lédè wọn, ni mo ń pè é. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní Látìn, èdè àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, èdè tí ẹnikẹ́ni ò fi nájà mọ́ lábẹ́ ọ̀run. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ní ìwé atúmọ̀-èdè kan tó tóbi tó bíríkì méjì, tí òun fúnra rẹ̀ ò lè kà mọ́. Bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, yóò ní kí n gbé e wá, kí n ka ọ̀rọ̀ kan fún òun. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́. Inú Látìn ni mo gbà kọ́ èdè Ítálì, ẹ ò rí nǹkan: bí ẹni tó ti ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá mọ ọmọ-ọmọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ilé yẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Ní Lotto, tí o bá sín, èèyàn mẹ́ta ni yóò sọ pé "pẹ̀lẹ́ o" láti ẹ̀yìn ògiri. Níbẹ̀, mo lè sunkún láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kí ẹni tó ń gbé lókè wa má mọ̀ pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́, ẹ̀wà ló fún mi. Sinyóra ò fẹ́ jẹun, Paola ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí. Mo rẹ ẹ̀wà funfun tiwọn, mo bó o, mo lọ̀ ọ́, mo sì din àkàrà. Ìyá jẹ mẹ́fà, ó ń lá ìka. Láti ọjọ́ náà, bí kì í bá ṣe èmi ni mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án.

Rẹ̀mí ò tíì ní fóònù nígbà náà. Obìnrin kan ń ta kọ́ọ̀lù lábẹ́ agboòrùn létí títì, Alágboòrùn là ń pè é. Màá pe nọ́ńbà rẹ̀, á rán ènìyàn lọ pe Rẹ̀mí, màá dúró. Ìbùkún á gba fóònù, á ní, "Mọ́mì, mo ti mọ A-B-D," màá sì fi ìyẹn jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọdún méjì lọ báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni mo wá pè, ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ tó ń kó èèyàn lọ sí ìsìn ní Kámpù máa ń dí gbogbo títì láti ọ̀sán. Mo ń gbọ́ fèrè wọn nínú fóònù. Ohùn tó dá mi lóhùn kì í ṣe ti Alágboòrùn. Ó ti ta àyè rẹ̀, ọmọbìnrin tuntun kan ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Rẹ̀mí."

"Rẹ̀mí? Ta ló ń jẹ́ Rẹ̀mí níbí?"

"Télọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé aláwọ̀ búlúù yẹn. Òun àti ọmọdébìnrin kan."

"Áà! Ìyá Ìbùkún lẹ̀ ń wí! Ẹ ò ṣáà tètè wí bẹ́ẹ̀." Ó gbé fóònù kúrò létí, ó lọgun: "Ìyá Ìbùkún o! Ìyá Ìbùkúúún! Wọ́n ń pè yín láti ìlú òyìnbó!"

Mo ní, "Èmi ni Ìyá Ìbùkún."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Aǹtí, ẹ fi eré sílẹ̀ jàre, káàdì yín ń jó lọ. Ó ti ń bọ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń sáré, ọmọ ẹ̀ ti rọ̀ mọ́ ọn láṣọ."

Ọmọ ẹ̀.

Rẹ̀mí gba fóònù, ó ń mí hẹlẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú iṣẹ́ o. Òtútù yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ìyá Ìbùkún, ṣé dáadáa lẹ wà?"

Fèrè ọkọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún wọn, mo sọ títí tó fi sú mi."

"Ó sú ẹ ni, àbí ó dùn mọ́ ẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e padà. Rẹ̀mí tí wọ́n fi "ìyá ta ni?" bú fún ọdún mẹ́sàn-án ní Ibafo ni mo bi ní ìbéèrè yẹn. Ó ní, "Ìbùkún rèé," ó sì gbé fóònù fún ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lórí iná. Sinyóra gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìdí fèrèsé tó jókòó sí.

"Ta ló kú?" ó bi mí.

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Sinyóra."

"Ta ló wá wà láàyè tó ń dùn ọ́ báyìí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ ṣe lè gbé e. Ó gbọ́ ọ tán, kò ní kí n pẹ̀lẹ́. Ó ní kí n gbé ìwé wá, kí n ṣí ibi tí lẹ́tà I wà, kí n wá *invidere*.

Mo rí i, mo kà á. Ó ní, "Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ya orí rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ló kù?"

"*Videre*."

"Ìyẹn ni pé kí èèyàn fi ojú rí nǹkan. *In* tó wà níwájú ni pé kí ojú náà kọjú sí ibì kan, kó tẹ̀ mọ́ ọn, kó má kúrò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì kéré, ojú burúkú ni wọ́n ń fi pè: kí o wo ẹnìkan ní ìwò tó lè pa irúgbìn oko rẹ̀. Ó dàgbà díẹ̀, ó wá di ìlara: kí o máa wo ire ẹni ẹlẹ́ni ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tún dàgbà sí i, ó burú sí i. Ó di pé kí o fi nǹkan du èèyàn. Kí o rí i lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì gbà á, kì í ṣe torí pé o nílò rẹ̀." Ó nu ẹnu. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èdè tiwa ti rí *invidia*, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì gba tiwọn lọ́wọ́ àwọn Faransé. Gbogbo ọmọ yẹn, ojú ló bí wọn."

Mo ní, "Sinyóra, èmi ò rí nǹkan kan. Ọdún méjì rèé tí mi ò tíì fojú kan wọn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èmi náà ò ríran mọ́. Ṣé o rò pé ìyẹn dá mi dúró?"

Mo ro ọ̀rọ̀ náà kiri fún ọjọ́ mélòó kan, bí mo ṣe ń nulẹ̀, bí mo ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwa Yorùbá ò fi ojú ṣe owú. Ẹnu la fi ń ṣe é: jíjẹ là ń jẹ ẹ́. Mo sì rí i pé tiwa ló bá tèmi mu, nítorí mo ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, mo ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo ń jẹ ẹ́ lálẹ́, mi ò yó. Tí Sinyóra bá ní kí n ya irun òun, Rẹ̀mí ni màá rí tó ń di irun ọmọ mi. Mi ò tiẹ̀ mọ bí orí ọmọ náà ti tóbi tó mọ́. Èèyàn tó wà nílé lè wò, kó sì rí i pé kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀: obìnrin kan, ọmọ kan, ìkòkò ẹ̀wà lórí sítóòfù. Ẹni tó wà lókèèrè ni ojú inú ń bá ya àwòrán, gbogbo àwòrán náà ló sì máa ń dára ju òótọ́ lọ. Mo ya Rẹ̀mí tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ya ọmọ tó ti gbàgbé mi. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi ń ta mí.

Ẹ ò ní gbà pé mo gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀délẹ̀, kí n tó lọ ṣe ohun tí wọ́n fi parí ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni.

Mo pe Rẹ̀mí. Mo ní kó mú Ìbùkún lọ sí Ifo, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Ilé bàbá ẹ̀ ni, ó yẹ kó mọ ibẹ̀."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ilé-ìwé tó wà yìí lára ni. Tó bá jẹ́ ti orúkọ yẹn, màá kó kúrò ládùúgbò yìí. Màá lọ síbi tí wọn ò ti mọ̀ wá, màá sọ fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé aǹtí ẹ̀ ni mí."

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ìyá mi fẹ́ ṣe nítorí tèmi. Mo ní, "Mú un lọ sí Ifo, Rẹ̀mí."

"Ó dáa, mà."

Kò pè mí ní mà rí láti ìgbà tí ìyá wa ti bí i.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n wọ̀, wọ́n gba Àgbàdo lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Ifo jẹ́ obìnrin dáadáa, ẹ má rò pé ó fìyà jẹ ọmọ. Ó ní fóònù tirẹ̀, mo ń pè é. Á ní, "Ó ń jẹun, ìyàwó wa. Ó ń lọ sílé ìwé. Kò kàn ń sọ̀rọ̀ ni." Á gbé fóònù sí Ìbùkún létí, màá máa gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ìbùkún, Mọ́mì ni. Sọ A-B-D fún mi." Mímí. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbọ́ mímí ọmọ mi. Èmi ni mo gba Ìbùkún lọ́wọ́ Rẹ̀mí, ṣùgbọ́n kò wá sọ́wọ́ mi.

Ìgbà Àjíǹde ni Paola wá kí ìyá rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni òun náà ń gbé, iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè. Ó gbé kéèkì wá, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi síbí gbé e sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Sinyóra pa ẹnu dé. Ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ mi fún mi." Paola ní, "Èmi nìyí, Mama." Ìyá ní, "Rárá, ọmọ mi," ó sì na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí mo dúró sí.

Mi ò mọ ohun tí màá ṣe. Mo wá, mo gba síbí, ìyá lanu.

Paola wo ọwọ́ mi. Ó wo ẹnu ìyá rẹ̀. Ó tún wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i lójú èèyàn. Ojú náà tẹ̀ mọ́ mi, kò kúrò.

Ó tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. "Ìyá mi ni. Ìwọ kọ́ ló bí."

"Mo mọ̀, Sinyóra Paola."

"Kí ló dé tó ń rẹ́rìn-ín fún ọ? Kì í rẹ́rìn-ín fún mi. Kí lo ṣe fún un?"

Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ṣe nǹkan kan, pé èmi ṣáà ni mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń jí, pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín fún, pé mi ò jí ìyá rẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ohùn Rẹ̀mí ni mo fi gbọ́ ìdáhùn náà.

Paola ní òun á wá ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ó sọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ṣe é. Èmi ò bínú sí i. Bí mo ṣe ń wò ó bó ṣe ń tún aṣọ ìyá rẹ̀ tí mo ti ká tán ká lẹ́ẹ̀kejì, àánú rẹ̀ ń ṣe mí bí ẹni pé ara mi ni mò ń wò láti òkè àjà.

Rẹ̀mí ti ra fóònù nígbà yẹn. Mo pè é. Mo ní kó lọ mú Ìbùkún padà wá sí Lotto. Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú? Torí ọmọ kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń tú, tí wọ́n tún ń rán."

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀kejì o. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì Ítálì, a ní ológbò." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ológbò náà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ "Ítálì" tó tẹ̀ lé Mọ́mì, mi ò ní purọ́ fún yín.

Sinyóra kú ní ọdún kẹfà mi níbẹ̀. Ìwé tó fún mi láṣẹ láti máa gbé ìlú wọn ti jáde, òfin sì gbà kí n mú ọmọ mi wá. Mo bá wá sílé láti mú un. Nínú bàálù, mò ń sọ ọ́ sókè pé: tèmi ni, èmi ni mo bí i, mo ti ṣiṣẹ́ fún un, ẹnikẹ́ni ò lè fi dù mí. Bí ẹni tó fẹ́ rojọ́ ni mo ṣe rìn wọ Lotto.

Rẹ̀mí ò bá mi rojọ́. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, Ìbùkún wà nílé ìwé, mo jáde láti bálùwẹ̀, mo bá Rẹ̀mí tó jókòó lórí ẹní. Báàgì ọmọ wà níwájú rẹ̀. Ó ti lọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ti tẹ́ wọn síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Kí n sọ nǹkan díẹ̀ fún yín, kí n má baà gbàgbé." Kò wo ojú mi. "Kì í jẹ ẹyin, ara ẹ̀ máa ń sú. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ó máa ń ṣe ẹ̀jẹ̀ nímú, ẹ má pariwo, omi tútù lẹ máa dà sí i lórí. Tí ẹ̀rù bá bà á, kì í sunkún, kókósẹ̀ ló máa ń họ. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń họ kókósẹ̀, ẹ má bi í pé kí ló dé, ẹ kàn jókòó tì í. Ó máa ń purọ́ pé òun ti ka ìwé. Kò fẹ́ràn kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Láti Ifo ló ti bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ohun tó ń sọ ló ń gún mi. Mi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Owú tí mo jẹ ní Ítálì, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo jẹ lórí ẹní yẹn, nítorí ìyẹn, àwòrán ni. Èyí, òótọ́ ni, ó sì wà lẹ́nu ẹlòmíràn.

Mo ní, "Kí ló tún kù?"

Ó sọ sí i. Mo ní kí ló tún kù. Oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, àfi ìgbà tó dé orí orin tí ọmọ náà máa ń kọ tó bá ń fọ abọ́.

Mo fa báàgì náà sọ́dọ̀ mi. Mo mú aṣọ àkọ́kọ́ jáde, mo gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mú èkejì. Rẹ̀mí ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mi ò lè há gbogbo èyí sórí kí n tó wọ bàálù, Rẹ̀mí. Níbí ni màá ti kọ́ ọ."

"Ìwé yín ńkọ́? Iṣẹ́ yín?"

"Wọ́n á ti rí ẹlòmíràn."

Ó bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣí i, ó ní, "Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ẹ̀. Ẹ gbé e wá."

Orí iṣẹ́ yẹn ni Ìbùkún bá wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé lẹ́yìn, ó wo báàgì tó ti ṣófo, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀. Rẹ̀mí ló kọjú sí. "Mọ́mì, ṣé a ò lọ mọ́ ni?"

Rẹ̀mí ní, "Béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ."

Ọmọ náà ò kọ́kọ́ mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Rẹ̀mí ní láti fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. Ìgbà yẹn ló tó yíjú.

Mo ní, "A ò lọ. Lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù ẹ."

Ó ṣì wo Rẹ̀mí ná, láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Rẹ̀mí mi orí pé òótọ́ ni. Ó lọ.

Ó dùn mí wọ eegun. Mo nawọ́ mú aṣọ tó kù, mo sì ní kí àbúrò mi fi bí wọ́n ṣe ń ká a hàn mí.